Àdúgbò Rírìn àti Oúnjẹ Ìbílẹ̀ Nínú Ìkọ́ni ní Èdè Abínibí: Àpẹẹrẹ Láti Ìlú Bouaké

1.0 Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, etí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà ní ìlú Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ní ọjọ́ náà ni ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa fi pẹnáritì borí ikọ̀ Gúúsù Áfíríkà, 4 sí 2, ní pápá ìṣeré Stade de la Paix, ìyẹn Pápá Àlàáfíà. Bí orúkọ ìlú náà tilẹ̀ ṣàjèjì sí àwọn mìíràn, kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ẹjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wọn ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ànàgó ni wọ́n máa ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí àwa olùkọ́ èdè ṣe lè kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti rìn ká àdúgbò ìlú, kí a máa dúró níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tí wọ́n sì ti ń tà á, kí ìrìn náà sì di ẹ̀kọ́ èdè. Irú ìrìn báyìí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn tí ń mú àlejò rìn ká ìlú ti fi ṣe iṣẹ́ ajé ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ayé. Ní ọdún 2007, ní ìlú Toronto, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ìrìn ọ̀fẹ́ kan ní ìrántí Jane Jacobs, òǹkọ̀wé nípa ìlú ńlá tí ó kú ní ọdún 2006. Nínú ìrìn yìí, ará àdúgbò fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe atọ́nà, tí ó ń sọ ìtàn ibi tí ó ń gbé fún àwọn ẹlòmíràn.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ kò le. Àdúgbò máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀-orúkọ. Oúnjẹ máa ń fún un ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwọn tí ń ta oúnjẹ náà máa ń fún un ní ìkíni àti ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. A ó fi ìlú Bouaké ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn gbangba níbẹ̀, a ó sì máa fi wọ́n wé ti ilé kí ó lè wúlò fún olùkọ́ tí kò ní rìnrìn-àjò kọjá ìlú tirẹ̀.

2.0 Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Yìí Fi Kàn Wá

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kò mọ Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1977 náà fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà tuntun pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni.

A kò kọ iṣẹ́ yìí láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìkéde náà. Ohun tí ó yẹ kí ó ká wa lára ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún èdè Yorùbá lórí àtẹ ìgbà-ẹ̀kọ́ ni ó kù fún wa ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Èdè tí a kì í fi ra nǹkan, tí a kì í fi tọrọ omi, tí a kì í fi bi ènìyàn ní ọ̀nà, kò ní pẹ́ di èdè ìdánwò lásán. Bí àkókò wa nínú kíláàsì bá kéré, ó di dandan kí a wá ibi tí èdè ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kí a sì mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ síbẹ̀. Ọjà àti ojúlé àwọn olóúnjẹ jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ń tajà kò bìkítà bí gbólóhùn bá ní olùwà àti àbọ̀. Ohun tí ó fẹ́ ni kí oníbàárà sọ ohun tí ó fẹ́ rà kí ó sì yé òun.

3.0 Ìlú Bouaké Ní Ṣókí

Bouaké ni ó tẹ̀ lé Abidjan ní títóbi láàrin àwọn ìlú Côte d'Ivoire. Ó wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, ní nǹkan bíi kìlómítà 350 sí Abidjan. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni. Èdè wọn bá èdè àwọn Akan ilẹ̀ Ghana tan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọbabìnrin kan, Abla Pokou, ni ó kó wọn jáde láti ilẹ̀ Ashanti ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé odò Comoé tí kò ṣeé là kọjá, ó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè yè, àti pé nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ pé ọmọ náà ti kú ni orúkọ Baoulé ti jáde. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ni ní ìtàn Mọrèmi àti Olúorogbo yóò rí i pé ìtàn méjèèjì ṣeé gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú kíláàsì.

Ojú irin láti Abidjan dé Bouaké ní ọdún 1912. Ní àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Gonfreville bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Òwò àti iṣẹ́ fa àwọn ènìyàn wá láti apá àríwá àti láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé gbè é, èdè Dioula sì di èdè ọjà. Èdè Faransé ni èdè ìjọba, òun sì ni wọ́n ń lò jù ní ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ọmọ kan lè gbọ́ èdè Baoulé tàbí èdè àwọn òbí rẹ̀ nílé, kí ó ná ọjà ní Dioula, kí ó sì kàwé ní Faransé.

Ìlú náà ti rí ìpọ́njú. Ní ọdún 1998, iná jó ọjà ńlá rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, Bouaké sì di olú-ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ó gba apá àríwá orílẹ̀-èdè náà. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní Ouagadougou ní oṣù Kẹta ọdún 2007. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún kan náà, wọ́n kó ohun ìjà jọ sí pápá ìṣeré ìlú náà, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ayẹyẹ yìí ni wọ́n pè ní Iná Àlàáfíà. Ẹni tí ó bá ń rìn ní àdúgbò Bouaké lónìí ń rìn láàrin àwọn tí ogun ti fẹ́ yà nípa rí, tí wọ́n sì tún ń jọ tà tí wọ́n ń jọ rà.

4.0 Àdúgbò Ń Fún Wa Ní Ọ̀rọ̀-Orúkọ

Àwọn àgbà sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àdúgbò rí: a lè ti ara rẹ̀ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé àti ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú orúkọ àdúgbò Bouaké. N'Gattakro àti Broukro jẹ́ orúkọ Baoulé. Kro tí ó parí wọn túmọ̀ sí abúlé tàbí ìlú. Òun náà ni ó wà nínú Yamoussoukro, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 1983, ìyẹn ìlú Yamoussou. Sokoura jẹ́ orúkọ Dioula: so ni ilé tàbí ìletò, koura ni tuntun. Dougouba náà jẹ́ ti Dioula: dougou ni ìlú, ba ni ńlá. Odiennékourani ni Odienné tuntun kékeré, ìyẹn ni pé àwọn tí ó pè é bẹ́ẹ̀ rántí ìlú Odienné ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá. Dar-es-Salam wá láti inú èdè Lárúbáwá, ilé àlàáfíà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àdúgbò kan wà tí ó ń jẹ́ Kennedy, òmíràn sì ń jẹ́ Air France, bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú.

Nínú orúkọ bíi mélòó kan yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ti rí onílẹ̀, oníṣòwò, ẹlẹ́sìn àti òyìnbó. Ó tún ti rí ẹ̀kọ́ gírámà. Nínú Yamoussoukro, orúkọ ẹni tí ó ni ìlú ni ó ṣáájú, ìlú sì gbẹ̀yìn. Ní èdè Yorùbá, ìlú ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ kí a tó dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Nínú Sokoura, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ṣáájú ọ̀rọ̀-àpèjúwe, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ìlú tuntun. Ní èdè Haúsá, sabon gari ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí tuntun ni ó sì ṣáájú. Láti inú sabon gari yìí ni Sábó ti Ìbàdàn àti ti àwọn ìlú wa mìíràn ti jáde. Sokoura àti Sábó jẹ́ ìtumọ̀ kan náà ní èdè méjì, ohun tí ó sì bí wọn jọra: àlejò dé, ó sì tẹ ibùdó tuntun dó.

Olùkọ́ tí ó wà nílé kò ní wá irú orúkọ yìí tì. Ní Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó ní ọdún 1830, Ìkìjà, Ìtòkò àti Kémta jẹ́ orúkọ ìlú tí ogun tú kí wọ́n tó di orúkọ àdúgbò. Ní Èkó, Pópó Àgùdà ń sọ ìtàn àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wálé. Ní Ìbàdàn, Òkè-Pádì ń rántí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà. Iṣẹ́ tí a lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó bi àgbà kan tí ó bá pàdé ní àdúgbò náà ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó kọ́kọ́ tẹ ibí dó? Kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀? Kí ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀? Kí ó sì kọ ìdáhùn bí ó ti gbọ́ ọ gan-an, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè tí àgbà náà fi sọ ọ́.

5.0 Oúnjẹ Ń Fún Wa Ní Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú ilé ìdáná ni ó kọ́kọ́ ń sọnù lẹ́nu ọmọ ìlú ńlá. Ọmọ náà lè mọ dòdò, kí ó má mọ̀ pé dídín ni a ń dín in. Sè, sun, dín, yan, bọ̀, gún àti rò ń di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lè má jẹ́ ti Yorùbá pàápàá. Ibi tí iná ti ń jó ni a ti lè dá wọn padà fún un.

Oúnjẹ tí ó lókìkí jùlọ ní Côte d'Ivoire ni attiéké. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ sí ara ohun àjogúnbá ọmọ aráyé. Gbágùúdá, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀gẹ́ tàbí pákí, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a bó o, wọn a rin ín, wọn a jẹ́ kí ó kan, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sì jọ̀ ọ́. Títí dé ibí, ẹni tí ó ń wò wọ́n yóò rò pé gaàrí ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé a máa ń yan gaàrí nínú agbada gbígbóná títí yóò fi gbẹ, ṣùgbọ́n ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń sè attiéké títí yóò fi jinná, tí yóò sì rọ̀. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ìyàtọ̀ oúnjẹ méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ṣàlàyé èyí ní èdè Yorùbá ti kọ àròkọ aṣàpèjúwe kí ó tó mú bírò.

Bí wọ́n bá bu attiéké, tí wọ́n sì fi ẹja tí wọ́n dín sí i, garba ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ Nàìjíríà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé orúkọ ènìyàn ni Garba láàrin àwọn Haúsá. Orúkọ ènìyàn tí ó di orúkọ oúnjẹ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó dára lórí bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà.

Foutou tún ń fẹ́ àkíyèsí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé fùfú ni, ṣùgbọ́n èrò náà kò tọ̀nà. Iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sè tí wọ́n sì ń gún láti fi ṣe foutou. Nítorí náà, foutou oníṣu jẹ́ ìbátan iyán. Gbágùúdá tí a rẹ, tí a sẹ́, tí a sì rò lórí iná ni fùfú tiwa. Placali, tí wọ́n ń fi gbágùúdá kíkan rò, ni ó sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí ó jọra létí lè jìnnà síra nínú ìkòkò. Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé Ẹjìgbò, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ wà ní Côte d'Ivoire, ni ìlú Òrìṣà Ògìyán, tí àwọn kan túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí òrìṣà tí ń jẹ iyán. Àwọn ọmọ ìlú iyán ni ó lọ bá àwọn tí ń gún foutou.

Alloco ni dòdò. Kabato ni òkà tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, tí àwọn Haúsá ilé wa yóò pè ní túwó. Kedjenou ti àwọn Baoulé ni adìẹ tàbí awó tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dé pinpin, lórí iná tí kò le. Wọn kì í fi ṣíbí rò ó. Ìkòkò náà ni wọ́n ń gbé mì. Ẹ̀kọ́ mìíràn nìyí: kí ni ìyàtọ̀ láàrin rò, pò àti mì?

Nílé, a lè ṣe irú ìwádìí kan náà lórí ìkọ́kọrẹ́ ní Ìjẹ̀bú, tí a ń fi ewùrà rínrin sè. Lórí ìrẹsì ọ̀fàdà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀. Àti lórí fùrèjọ́ọ̀nù, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí àwọn ọmọ Àgùdà Èkó máa ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí orúkọ rẹ̀ sì ti inú èdè Potogí wá.

6.0 Ẹni Tí Ń Tajà Ń Fún Wa Ní Ìkíni

Ìkíni ni ilẹ̀kùn ọjà. Ní Bouaké, ẹni tí ó bá ń sọ Dioula yóò kí ọlọ́jà ní òwúrọ̀ pé i ni sogoma. Bí ó bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, yóò ní i ni baara. Sogoma ni òwúrọ̀, baara sì ni iṣẹ́. Ẹ fi wé ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀nà ìhun kan náà ni: apá kan dúró, a sì ń pààrọ̀ apá kejì gẹ́gẹ́ bí àkókò tàbí ipò ẹni tí a ń kí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí èyí yóò mọ̀ pé ìkíni Yorùbá kì í ṣe gbólóhùn tí a há sórí. Ó jẹ́ ìlànà tí ó lè fi ṣẹ̀dá ìkíni tuntun: ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru, ẹ kú ìdúró.

Ní Côte d'Ivoire, tantie ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe obìnrin tí ń ta oúnjẹ, bí a ti ń sọ pé Ìyá oníyán tàbí Màmá alákàrà, bí kò tilẹ̀ bá ẹni tan. Níwájú irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ̀ pé ìyàtọ̀ láàrin o àti ẹ kì í ṣe ti orí pátákó nìkan. Bí ó bá sọ pé "Mélòó lo fẹ́ tà á?" ojú ìyá náà yóò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kò lè kọ́ ọ.

7.0 Bí A Ṣe Lè Ṣe Ètò Ìrìn Náà

(i) Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dá rin ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ó kí àwọn ọlọ́jà, kí ó sọ ohun tí ó ń bọ̀ wá ṣe fún wọn, kí ó sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn. Kí ó yan wákàtí tí èrò kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

(ii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ju 15 lọ fún olùkọ́ méjì. Kí a pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa béèrè, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kan máa rajà, kí àwọn yòókù máa fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí.

(iii) Kí ibi oúnjẹ má ju mẹ́ta lọ láàrin wákàtí méjì. Kí a ra díẹ̀, kí a jọ pín in jẹ. Kí a san owó tí ọlọ́jà bá dá, nítorí pé a ti gba àkókò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ́ wọn ní ọjà nínà, ẹ jẹ́ kí a sọ fún un tẹ́lẹ̀.

(iv) Kí òfin kan ṣoṣo wà lórí èdè: ẹni tí kò bá mọ orúkọ nǹkan gbọdọ̀ fi èdè Yorùbá ṣàpèjúwe rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

(v) Lẹ́yìn ìrìn, kí a padà sí kíláàsì. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ọ̀nà tí wọ́n rìn, kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò sí i pẹ̀lú àmì ohùn. Kí wọ́n to ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n gbọ́ sórí pátákó ògiri. Kí olúkúlùkù kọ àròkọ lórí bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ tuntun tí akẹ́kọ̀ọ́ lò bí ó ti yẹ ni kí a fi máàkì sí, kí a má fi máàkì sí iye oúnjẹ tí ó tọ́ wò.

Fún àwọn tí ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Bouaké tàbí ní ìlú òkèèrè mìíràn, ọ̀nà kan náà ni, pẹ̀lú àfikún kan. Ní ọjà, èdè ibẹ̀ ni ọmọ yóò fi rajà. Bí ó bá padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èdè Yorùbá ni yóò fi ròyìn rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé kedjenou kò ní ka èdè ilé rẹ̀ sí èdè tí kò lè dé ibi tí òun ń gbé.

8.0 Àwọn Ohun Tí Ó Lè Dí Wa Lọ́wọ́

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé iṣẹ́ inú ìwé-ètò ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àròkọ, àṣà ìkíni, oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá àti ìhun ọ̀rọ̀ ti wà nínú ìwé-ètò náà. Ìrìn kan lè gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Ti ààbò kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kí òbí fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀, kí a yàgò fún títì tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Kí a béèrè ohun tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbà, kí a rántí àwọn tí ń gba ààwẹ̀, kí a sì rí i pé gbogbo wọn fọ ọwọ́. Níbi tí ìlú bá sì ti gbóná, kí a pe olóúnjẹ wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìkòkò àti iná rẹ̀. Ìrìn náà yóò dínkù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní sọnù.

9.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àdúgbò àti oúnjẹ lè ran ìkọ́ni ní èdè lọ́wọ́, a sì ti fi ìlú Bouaké ṣe ẹ̀rí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọmọ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ attiéké àti gaàrí yóò mọ iyì gaàrí. Ẹni tí ó bá mọ Sokoura yóò tún ojú wo Sábó tí ó ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ìjọba lè yí ìlànà padà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìyá oníyán kò ní torí rẹ̀ yí èdè tí ó fi ń pe oníbàárà padà ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n kò ní wà níbẹ̀ títí láé, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá a ní sáà yìí.